Ààbò àti Ìgbọ́kọ̀sí Nínú Ọgbà Yunifásítì: Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe àti Ìgbà Tí Ẹ Máa Ṣe É

Bí sáà tuntun bá ti wọlé báyìí, ìbéèrè méjì kan náà ló máa ń tẹ̀ lé e. Àkọ́kọ́: "Wọ́n ti lẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ gíláàsì ọkọ̀ mi, kí ni kí n ṣe?" Èkejì: "Ilẹ̀ ti ṣú, láíbìrì ni mo ṣì wà, ta ni mo lè pè?" Ọ́fíìsì kan náà ló sábà máa ń dáhùn méjèèjì, ìyẹn ọ́fíìsì ààbò ọgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kì í mọ̀nà ibẹ̀ àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ́yìn yọ.

Òfin yunifásítì kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Níbi tí mo bá ti sọ pé "ní ọ̀pọ̀ ọgbà", ẹ yẹ ti yín wò kí ẹ tó náwó tàbí kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kalẹ̀.

## Kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀

1. Ẹ wá nọ́ńbà ààbò, kí ẹ fi í sínú fóònù. Èyí tí wọ́n ń gbé tọ̀sán-tòru ni mo ń sọ, kì í ṣe ti akọ̀wé tó ń ti ọ́fíìsì pa ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi "AA" ṣíwájú orúkọ tí ẹ bá fi pa á mọ́, kó lè wà lókè pátápátá. Ẹ tún kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan, kí ẹ fi í sẹ́yìn káàdì ìdánimọ̀ yín, torí ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀ jù lè jẹ́ ọjọ́ tí bátìrì kú.

2. Ẹ mọ nọ́ńbà pàjáwìrì ìlú tí ẹ wà. 911 ni ti Amẹ́ríkà àti Kánádà. 999 ni wọ́n mọ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 112 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń lò, òun náà sì ni ti Nàìjíríà. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, yálà ti ààbò ọgbà ni tàbí ti ìlú tí ẹ wà, èyí tó bá kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn ni kí ẹ pè. Àmọ́ ẹ fi sọ́kàn pé ìpè tí ẹ fi fóònù alágbèéká pe lè já sọ́wọ́ àwọn tó wà láàárín ìlú, tí wọn ò mọ ilé kan sí èkejì nínú ọgbà yín. Orúkọ yunifásítì àti orúkọ ilé tí ẹ wà ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín.

3. Ẹ yẹ nọ́ńbà fóònù yín tó wà lórí pọ́tálì wò, ìyẹn ojú ìwé yín lórí ìkànnì ilé-ìwé. Ìkìlọ̀ nípa iná, ìjì tàbí ẹni tó gbé ohun ìjà wọ ọgbà máa ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ àti ímeèlì wọlé. Ẹni tó ti yí nọ́ńbà padà tí kò tún un ṣe kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà, ímeèlì nìkan ló ń wá fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín forúkọ sílẹ̀ fún àtẹ̀jíṣẹ́.

4. Ẹ rin ọ̀nà yín lẹ́ẹ̀kan ní alẹ́, ẹ̀yin àti ẹnì kejì. Láti họ́sítẹ́ẹ̀lì dé láíbìrì, láti kíláàsì dé ibi tí ọkọ̀ yín máa ń wà. Ẹ wo ibi tí iná ti kú, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì ní aago kan, àti ibi tí fóònù pàjáwìrì wà. Ọ̀nà àbùjá tó dára lọ́sàn-án lè má ṣeé gbà bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

5. Ẹ ka ìròyìn ààbò ilé-ìwé náà. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ń pè ní Clery Act, ti ọdún 1990, ló ní kí yunifásítì tó ń kópa nínú ètò ìrànwọ́ owó ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé ìròyìn yìí jáde lọ́dọọdún, kó má kọjá ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá. Iye ìwà ọ̀daràn ọdún mẹ́ta ló máa ń wà nínú rẹ̀, ti inú họ́sítẹ́ẹ̀lì sì máa ń dá wà. Ojú tèmi ni pé ọgbà tó ń kọ òdo lọ́dọọdún kọ́ ló yẹ kí ọkàn yín kọ́kọ́ balẹ̀ lé. Ó lè jẹ́ pé àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í fi ẹjọ́ sùn ni.

## Iṣẹ́ tí ọ́fíìsì ààbò ń ṣe, tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè fún

Àwọn kan rò pé olè nìkan ni wọ́n ń lé. Bẹ́ẹ̀ owó tí ẹ san fún ilé-ìwé wà lára ohun tó ń gbọ́ bùkátà ọ́fíìsì yìí, kò sì sídìí láti máa tijú lílo ohun tó jẹ́ tiyín.

Kí ẹ̀ṣọ́ sìn yín délé ní alẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà, ẹ̀ṣọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ máa ń bá èèyàn rìn tàbí kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e. Báyìí ni kí ẹ ṣe é:

1. Ẹ pè wọ́n nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú tí ẹ máa jáde. Ẹ má tíì jáde síta kí ẹ tó pè.
2. Ẹ sọ orúkọ yín, ibi tí ẹ wà, ibi tí ẹ ń lọ, àti iye ẹ̀yin tí ẹ jọ ń lọ.
3. Inú ilé, níbi tí iná wà, ni kí ẹ dúró sí.
4. Bí ẹ̀ṣọ́ bá dé, ẹ má kọ́kọ́ dárúkọ ara yín fún un. Ẹ bi í pé: "Ta ni wọ́n ní kí ẹ wá sìn?" Òun ni kó dárúkọ yín. Ẹ wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.
5. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń sìn èèyàn dé. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọjá ẹnu odi ọgbà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni pé àwọn èèyàn máa ń dúró di ìgbà tí ẹ̀rù bá bà wọ́n kí wọ́n tó pè. Kò sí àwíjàre tí ẹ ní láti ṣe. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ń tẹ̀ lé yín.

Fóònù oníná búlúù. Òpó gíga ni, iná búlúù ló wà lórí rẹ̀, bọ́tìnì kan ló sì wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó máa já sí yàrá ìdarí ààbò, yóò sì fi ibi tí ẹ wà hàn wọ́n kódà bí ẹ ò bá lè sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá ń lé yín, ẹ má dúró síbẹ̀ máa ṣàlàyé: ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa sá lọ, bí ẹ bá sì tún kan òmíràn níwájú, ẹ tẹ ìyẹn náà. Wọ́n á máa tipa bẹ́ẹ̀ mọ apá ibi tí ẹ dorí kọ.

Àwọn tó kù, ní ṣókí, nítorí ọgbà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀:

- fífún bátìrì ọkọ̀ tó kú ní iná, àti ṣíṣí ọkọ̀ tí ẹ ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú rẹ̀ (wọ́n á béèrè ẹ̀rí pé tiyín ni)
- ibi ìtọ́jú ohun tó sọnù
- kíkọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ kẹ̀kẹ́ àti kọ̀ǹpútà alágbèéká yín sílẹ̀
- ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa dídáàbò bo ara ẹni, àti nípa ìtọ́jú àkọ́kọ́

## Bí ìpè pàjáwìrì ṣe máa ń lọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ibi tí ẹ wà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ìpè náà bá já, ó kéré tán wọ́n á ti mọ ibi tí wọ́n máa wá.

— Yàrá ìdarí ààbò. Níbo lẹ wà?
— Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé Kẹ́místìrì, èyí tó kọjú sí páàkì D.
— Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?
— Ọkùnrin kan ń fi irin yọ fèrèsé ọkọ̀ kan. Kì í ṣe ọkọ̀ tèmi.
— Ṣé ẹ rí ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀?
— Mi ò rí ìbọn, mi ò rí ọ̀bẹ. Irin yẹn nìkan ló mú dání.
— Báwo ló ṣe rí, kí ló wọ̀?
— Ó ga, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú, ó dé fìlà pupa, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn.
— Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ wà níbi tí kò séwu?
— Mo wà nínú ilé, mo ti ti ilẹ̀kùn.
— Ó dáa. Ẹ má gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó pè kò sọ ohun tó rò, ohun tó rí ló sọ. "Mi ò rí ìbọn" yàtọ̀ sí "kò ní ìbọn". Kò sì jáde lọ bá olè náà. Ẹ má lé olè, ẹ má dènà rẹ̀, ẹ má sún mọ́ ọn torí kí ẹ lè ya fọ́tò rẹ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ dárúkọ ara yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣì máa wá.

## Ìgbọ́kọ̀sí: kí ẹ tó sanwó ìwé àṣẹ

Ìwé àṣẹ ìgbọ́kọ̀sí kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti wá ààyè ní páàkì kan ló fún yín, kò sọ pé ààyè máa ṣófo dè yín. Bí èyí kò bá yé èèyàn ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ìjà ni yóò máa bá àwọn òṣìṣẹ́ páàkì jà títí sáà yóò fi parí.

1. Ẹ mọ irú èyí tó kàn yín. Ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé inú ọgbà wà, ti àwọn tó ń ti ìta wá wà, ti òṣìṣẹ́ wà, ti alẹ́ nìkan wà, ti alùpùpù náà wà. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù sábà máa ń jẹ́ ti páàkì tó jìnnà jù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán nìkan lẹ ní kíláàsì, mo rò pé ó tó yín, ẹ wọ bọ́ọ̀sì ọgbà láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa ń pẹ́ dé alẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè aago tí bọ́ọ̀sì náà ń ṣíwọ́.

2. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lè rí i pé owó ojoojúmọ́ dín sí ti gbogbo ọdún. Ìwé àṣẹ tí àwọn tó jọ ń wọ ọkọ̀ kan pín láàárín ara wọn tún wà ní àwọn ọgbà kan.

3. Ojúkò ilé-ìwé nìkan ni kí ẹ ti rà á. Ẹ má rà á lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ní òun ò lò ó mọ́. Ọ̀pọ̀ ọgbà ti fòfin de títà á fún ẹlòmíràn, bí èyí tí ẹ rà bá sì wà lára àwọn tí wọ́n ti kéde pé ó sọnù, táyà ọkọ̀ yín ni wọ́n máa fi irin dè, kó má lè rìn.

4. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín bó ṣe wà lára pléètì gan-an. Ọ̀pọ̀ ọgbà kò lo sítíkà mọ́. Kámẹ́rà tó wà lórí ọkọ̀ òṣìṣẹ́ páàkì ló ń ka pléètì bó ṣe ń kọjá lọ, nọ́ńbà tí kò bá rí nínú ìwé rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí kò sanwó. Lẹ́tà O dípò òdo, tàbí I dípò 1, ti tó láti fa tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá gba pléètì tuntun, ẹ yí i lórí pọ́tálì lọ́jọ́ náà gan-an.

5. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi kọ́ dígí àárín ni, ẹ kọ́ ọ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, kí ẹ sì yọ ọ́ kí ẹ tó wakọ̀. Ó ń dí ojú awakọ̀, òfin ìrìnnà ọ̀pọ̀ ìlú sì lòdì sí i.

Fún àwọn akanda ẹ̀dá: káàdì tí ìjọba fún yín lè má tó nínú ọgbà, ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń béèrè ìwé àṣẹ tiwọn mọ́ ọn. Bí ẹsẹ̀ yín bá ṣẹ́, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ gba lẹ́tà dókítà lọ síbẹ̀ kí ẹ béèrè ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀. Káàdì ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín kò ṣeé lò bí wọn ò bá sí nínú ọkọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo lèyí, kì í ṣe ti tíkẹ́ẹ̀tì lásán.

## Ẹ ka pátákó ẹnu páàkì, láti òkè dé ìsàlẹ̀

Níbí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáde. Ká ní pátákó náà lọ báyìí:

> PÁÀKÌ D
> Ìwé àṣẹ D tàbí S nìkan
> Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì, aago 7 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́
> Ààyè tí a sàmì sí: ìgbà gbogbo
> Ẹ kọ orí ọkọ̀ wọlé

Ìlà kejì rọrùn. Ìlà kẹta ń sọ pé láàárín wákàtí wọ̀nyẹn ni wọ́n ń béèrè ìwé àṣẹ, nítorí náà ẹni tó dé ní aago 5 kọjá ìṣẹ́jú 10 lè gbé tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó dé ní aago 4 kọjá ìṣẹ́jú 50, tó ní "ó ti kù díẹ̀", tíkẹ́ẹ̀tì ló ń wá.

Ìlà kẹrin ló ń mú àwọn tó ń wá ní alẹ́. Gbogbo páàkì ti di ọ̀fẹ́, òótọ́ ni, àmọ́ ààyè tó ní àmì akanda ẹ̀dá, tàbí tí wọ́n kọ orúkọ ipò kan sí, kò tíì di ọ̀fẹ́. Kì í di ọ̀fẹ́ láéláé.

Ìlà karùn-ún máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Kámẹ́rà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló fà á: níbi tí ọkọ̀ kì í ti í ní pléètì níwájú, bí ẹ bá fi ẹ̀yìn wọlé, pléètì á kọjú sí ògiri, kámẹ́rà kò ní rí i. Ìwé àṣẹ yín lè pé pérépéré, kí wọ́n ṣì fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì nítorí ẹ̀yìn tí ẹ fi wọlé.

Pátákó àná kọ́ ni kí ẹ fi wakọ̀ lónìí. Wọ́n máa ń fi aṣọ tàbí bébà bo pátákó nítorí ìdíje bọ́ọ̀lù, ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde tàbí iṣẹ́ ọ̀nà.

## Ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró sí, kódà fún ìṣẹ́jú kan péré

- Ààyè akanda ẹ̀dá, àti ilẹ̀ onílà gbọọrọ-gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ onílà yẹn kì í ṣe ààyè tó ṣẹ́ kù. Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ arọ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5, ó kéré tán. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí rẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ kejì padà dé, kò lè ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ ara rẹ̀ wọlé.
- Ojú ọ̀nà àwọn panápaná. Ọkọ̀ wọn tóbi, ó sì nílò àyè láti na àkàbà rẹ̀.
- Iwájú ẹ̀rọ omi panápaná. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ bàtà 15 ni kí ẹ fi jìnnà sí i, yálà wọ́n kùn ún sílẹ̀ tàbí wọn ò kùn ún.
- Orí koríko, ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá, ibùdókọ̀, àti ibi ìjẹ́rù.

Iná ìkìlọ̀ tó ń ṣẹ́jú kò sọ ibi tí kò bófin mu di ibi tó bófin mu. Ẹni tó tan án tó sì sáré wọlé lọ gba fọ́ọ̀mù ṣáà ti bá òṣìṣẹ́ páàkì tan iná sí ibi tó wà ni.

## Àṣìṣe mìíràn tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra

Ọkọ̀ àyálò wà níbẹ̀. Ọkọ̀ yín wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ yá ti ọ̀rẹ́, ẹ gbàgbé pé pléètì tirẹ̀ kò sí nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ pọ́tálì máa ń gba pléètì kejì fún ìgbà díẹ̀. Ẹ fi í sí i kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìsinmi náà wà níbẹ̀. Pé kíláàsì kò sí kò ní kí òṣìṣẹ́ páàkì má wá síbi iṣẹ́. Àyàfi bí ilé-ìwé bá kéde rẹ̀, òfin ṣì dúró.

Sísanwó lórí áàpù náà ní ewu tirẹ̀. Páàkì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, àwọn èèyàn sì máa ń tẹ nọ́ńbà ti àná. Owó ti lọ, tíkẹ́ẹ̀tì tún dé.

Bí páàkì yín bá kún, ẹ má ṣe kó sí ti òṣìṣẹ́ kí ẹ ní "kò sí ààyè ni". Ẹ pe ọ́fíìsì ìgbọ́kọ̀sí, ẹ béèrè ibi tí ẹ lè gbé e sí, kí ẹ kọ aago àti orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sílẹ̀. Bí wàhálà bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àkọsílẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí yín.

Ohun kan tó kan ààbò àti ọkọ̀ pọ̀: ẹ má fi báàgì, wáyà ṣájà tàbí kọ̀ǹpútà sórí àga. Ohun tó bá hàn lójú fèrèsé ló ń pe olè. Ẹ kó wọn sínú búùtù kí ẹ tó dé páàkì, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ dé ibẹ̀ tí ojú ti wà lára yín.

## Tíkẹ́ẹ̀tì ti wà lórí gíláàsì

1. Ẹ má tíì wakọ̀ kúrò. Ẹ ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì, táyà àti ìlà tó wà nílẹ̀, pátákó tó súnmọ́ jù, àti ìwé àṣẹ yín níbi tó wà. Ẹ tún dúró lókèèrè ya gbogbo àyíká. Bí ẹ bá ti gbé ọkọ̀ kúrò, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.
2. Ẹ kà á. Nọ́ńbà ọkọ̀, páàkì, aago, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kọ. Ṣé ó bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu?
3. Ẹ wo gbèdéke. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà, ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n fi ń gba ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, láti ọjọ́ tí wọ́n kọ tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ rí i.
4. Ẹ pinnu kí ẹ tó sanwó. Ní àwọn ọgbà kan, ẹni tó bá sanwó ti gbà pé òun jẹ̀bi, kò lè pẹjọ́ mọ́. Ní àwọn mìíràn, ẹni tó bá tètè san ń gba ẹ̀dínwó. Ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín.
5. Ẹ kọ lẹ́tà, tàbí ẹ sanwó. Ẹ má fi í sínú dúrọ́ọ̀ kí ẹ máa wò ó. Owó yẹn máa ń gòkè, wọ́n sì lè tìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì tàbí ìwé èsì ìdánwò mọ́ yín títí ẹ ó fi san án.

Ohun tó sábà máa ń jẹ́ kí wọ́n fagi lé e: pátákó tí igi tàbí aṣọ bò, ìwé àṣẹ tó wà ṣùgbọ́n tí wọn ò rí, ọkọ̀ tó bàjẹ́ tí ẹ ní rìsíìtì mẹkáníìkì fún, ẹ̀rọ ìsanwó tó kọṣẹ́ tí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀.

Ohun tí kì í ṣiṣẹ́: "mi ò mọ̀", "kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ", "àwọn yòókù náà wà níbẹ̀", "mo ń sáré lọ ṣèdánwò". Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ rí.

Ẹ wo lẹ́tà tó ṣe kedere:

> Tíkẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà ____, ọjọ́ ____. Wọ́n kọ ọ́ pé ọkọ̀ mi kò ní ìwé àṣẹ. Mo ti ra ìwé àṣẹ D láti ọjọ́ ____, rìsíìtì rẹ̀ ni ìwé 1 tí mo fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo ń forúkọ sílẹ̀, lẹ́tà O ni mo tẹ̀ dípò òdo nínú nọ́ńbà ọkọ̀ náà. Mo ti tún un ṣe lọ́jọ́ tí mo rí tíkẹ́ẹ̀tì (ìwé 2). Mo bẹ̀ yín kí ẹ bá mi fagi lé owó ìtanràn náà.

Ó tán nìyẹn. Kò bú òṣìṣẹ́ páàkì, kò ròyìn ipò ìṣúná, kò sì parọ́. Bó bá jẹ́ àṣìṣe yín, tí ẹ sì jẹ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ máa ń sọ ọ́ di ìkìlọ̀ fún ẹni tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn.

## Bí wọ́n bá ti de táyà, tàbí tí ọkọ̀ kò sí níbi tí ẹ fi í sí

Ẹ má gbìyànjú láti fi tipátipá yọ irin tí wọ́n fi de táyà, ẹ má sì wakọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nọ́ńbà wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé. Òun ni kí ẹ pè.

Bí ọkọ̀ kò bá sí níbẹ̀ rárá, ẹ pe ọ́fíìsì ààbò kí ẹ tó pariwo olè. Wọ́n á sọ bóyá wọ́n wọ́ ọ ni. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ tètè lọ gbà á, torí owó ibi ìpamọ́ máa ń lé sí i lójoojúmọ́. Ẹ mú dání:

- ìwé ìwakọ̀
- ìwé ọkọ̀ tó fi hàn pé tiyín ni
- owó tàbí káàdì (ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń gbà)

Ẹ yí ọkọ̀ náà po kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé. Bí ibì kan bá ha tàbí tó fọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ fi hàn wọ́n. Ẹ̀hónú tí ẹ bá gbé wá lẹ́yìn tí ẹ ti wakọ̀ kúrò kì í lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

## Fún àwọn tó fẹ́ fi ọkọ̀ sílẹ̀ nílé

Kẹ̀kẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ dámọ̀ràn fún ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ ra àgádágodo onírin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, kì í ṣe okùn wáyà tí sísọ́ọ̀sì ńlá lè gé. Eegun kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ tì mọ́ irin, kì í ṣe táyà nìkan. Nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ ibi tí pẹ́dáàlì ti so pọ̀. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà náà, kí ẹ fi nọ́ńbà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ààbò. Ẹ má so ó mọ́ irin ọ̀nà àwọn oníkẹ̀kẹ́ arọ, wọ́n á gé e kúrò.

Kẹ̀kẹ́ àti sìkútà oníná ń bọ̀ wá di ọ̀ràn lọ́tọ̀. Bátìrì litíọ́ọ̀mù wọn lè gbiná, pàápàá èyí tó ti bàjẹ́ tàbí tí ẹ fi ṣájà tí kì í ṣe tirẹ̀ gba iná fún. Ẹ má fi í gba iná ní ẹnu ilẹ̀kùn yàrá tàbí lórí àtẹ̀gùn, níbi tí gbogbo yín máa gbà sá jáde. Ọ̀pọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì ti fòfin dè é nínú ilé pátápátá.

## Àlejò àti òbí

Kí wọ́n má gbé ọkọ̀ sí páàkì yín torí pé ẹ̀yin ní ìwé àṣẹ. Pléètì yín ni ìwé náà mọ̀. Ẹ bá wọn gba ti àlejò lórí pọ́tálì ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ fi àwòrán ibi tí wọ́n máa gbé e sí ránṣẹ́. Ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, kí wọ́n dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

## Bí ẹ bá ń kúrò, tàbí tí ẹ ta ọkọ̀

Ẹ yọ pléètì náà kúrò lórí pọ́tálì lọ́jọ́ tí ẹ bá ta ọkọ̀. Bí ẹ kò bá yọ ọ́, gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó rà á bá gbà nínú ọgbà lè máa wọlé sórí orúkọ yín. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń dá owó padà fún oṣù tó kù lórí ìwé àṣẹ. Àwọn kan ń ṣe é, ṣùgbọ́n àfi kí ẹ béèrè kí gbèdéke tó kọjá. Bó bá ní sítíkà, ẹ ha á kúrò lára gíláàsì kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó rà á lọ́wọ́, kí ẹ sì ya fọ́tò pé ẹ ti ha á.